Èsì: ìlà tí kò ní pàdé 2x + 3y = 12

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ẹ ní tíṣà ọmọ yín ní Ìjẹ̀bú-Òde ní kó wá ìdọ́gba ìlà tí kò ní pàdé 2x + 3y = 12 láé, tó sì gba ojú àmì (4, -1) kọjá. Ó kọ y = 2x - 9, wọ́n fagi lé e.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá a wí. Àwọn ọmọ tí mo ń kọ́ ní lẹ́sìn nírọ̀lẹ́ ní Ìkẹ́nnẹ́ náà máa ń ṣe é: ó rí 2 níwájú x, ó gbà pé òun ni ìdagẹ̀rẹ̀ ìlà náà, ìyẹn gradient. Òun kọ́ o. Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ dá y nìkan sí apá kan: 3y = -2x + 12. Kó wá fi 3 pín gbogbo rẹ̀: y = (-2/3)x + 4. -2/3 yẹn gan-an ni ìdagẹ̀rẹ̀.

Ẹ fi òwú tí ahunṣọ ta gbọọrọ fún òfì hàn án. Bí ọ̀kan ṣe dagẹ̀rẹ̀ ni èkejì ṣe dagẹ̀rẹ̀, ibi tí kálukú ti bẹ̀rẹ̀ ló yàtọ̀. Nítorí náà, -2/3 ò ní yí padà, 4 ló máa yí.

Àbùjá tí mo fẹ́ràn jù rèé: ẹ fi 2x + 3y sílẹ̀ bó ṣe wà, torí inú rẹ̀ ni -2/3 ti wá, kí ẹ wá fi 4 rọ́pò x, kí ẹ fi -1 rọ́pò y. 2 × 4 + 3 × (-1) = 8 - 3 = 5. Ìdáhùn ni 2x + 3y = 5.

Kó fi rúlà fa méjèèjì sórí ìwé gíráàfù: ti àkọ́kọ́ láti (0, 4) dé (6, 0), ti èkejì láti (1, 1) dé (4, -1).