Ẹ béèrè ìdí tí wọ́n fi dá ajá yẹn padà

Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Mo ka ohun tẹ́ ẹ kọ, pé ẹ̀gbọ́n yín ọkùnrin fẹ́ gba ajá Rottweiler ọlọ́dún mẹ́ta sílé, ọmọ wọn obìnrin ò sì tíì ju ọmọ ọdún méjì lọ, pé ẹnìkan ti gba ajá náà rí tó tún dá a padà, àti pé ẹ ò mọ bẹ́ ẹ ṣe máa bá wọn sọ ọ́ tí kò fi ní dà bíi pé ẹ̀yin àbúrò ń kọ́ ẹ̀gbọ́n bó ṣe máa ṣe ilé ẹ̀. Ibi tẹ́ ẹ ti ní wọ́n dá a padà yẹn, àyà mi já nígbà tí mo kà á. Bí tiwa náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Àbúrò mi ọkùnrin ló gbé tiwa wá, ọ̀dọ̀ wa ló ń gbé nígbà yẹn. Àmúlùmálà ni, wọ́n ní ó ní Boerboel, irú ajá aṣọ́lé ńlá kan, nínú, ajá ńlá báyìí, kò sì pariwo rárá. Èmi fúnra mi béèrè lọ́wọ́ àwọn tó fún un pé kí ló dé tí ẹni tó kọ́kọ́ gbà á fi dá a padà, obìnrin tó dá mi lóhùn ní "wọ́n kó lọ sílé tí kò láyè ni." Ó tán, mi ò béèrè mọ́. Ẹ̀yìn ìgbà tí nǹkan ti bàjẹ́ tán la tó gbọ́ pé ajá yẹn ti gé ọmọ kan lápá jẹ nílé tó ti kúrò, ó wà nínú ìwé wọn, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀, wọ́n mọ̀, wọ́n sì rí ọmọ mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lọ́jọ́ tá a lọ mú ajá. Títí di òní tí mo bá rántí, inú mi á tún ru.

Ọ̀sẹ̀ kejì ló bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Tí ọmọ mi, ọmọ ọdún méje nígbà yẹn, bá gba ẹ̀gbẹ́ abọ́ oúnjẹ ẹ̀ kọjá, kò ní gbó, kò ní fò mọ́ ọn, ara ẹ̀ á kàn le gbagidi, á wò ó pẹ̀lú ẹ̀gbẹ́ ojú kí funfun ẹyinjú ẹ̀ hàn, á wá máa kùn lọ́nà ọ̀fun. Ẹ̀rù bà mí. Àbúrò mi lọ mú ọkùnrin kan wá tó ní iṣẹ́ òun ni kíkọ́ ajá, ó kó ìwé ẹ̀rí jáde lóríṣiríṣi, ó ní ajá náà fẹ́ di ọ̀gá ilé ni, pé ìgbàkígbà tó bá ti kùn ká dì í lọ́rùn mú, ká tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí ara ẹ̀ á fi rọ̀. A ṣe bẹ́ẹ̀. Kò tó ọjọ́ mẹ́wàá tí kò kùn mọ́. A dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkùnrin yẹn, a sanwó fún un, èmi alára tún júwe ẹ̀ fún ẹlòmíì.

Kíkùn yẹn ni ajá fi ń bẹ̀ wá o. Ohun tó ń sọ ni pé ẹ jọ̀ọ́ ẹ sún sẹ́yìn, ara mi ò balẹ̀. A fìyà jẹ ẹ́ títí tó fi dákẹ́, ẹ̀rù tó wà nínú ẹ̀ ò sì lọ síbì kankan, ó kàn kọ́ pé òun ò gbọ́dọ̀ sọ ọ́ jáde ni. Torí náà tẹ́nikẹ́ni bá sọ fún ẹ̀gbọ́n yín pé kí wọ́n máa lu ajá tó bá kùn, kí wọ́n lé onítọ̀hún jáde, ì báà ní ìwé ẹ̀rí ogún.

Ìrọ̀lẹ́ Sátidé ni. Bọ́ọ̀lù ọmọ yí lọ sábẹ́ tábìlì tí ajá dùbúlẹ̀ sí, ó bẹ̀rẹ̀ pé òun fẹ́ mú un. Inú pálọ̀ kan náà ni mo wà, mò ń ká aṣọ, ìṣísẹ̀ mẹ́rin ò sí láàárín wa. Mi ò gbọ́ kíkùn, mi ò gbọ́ gbígbó, igbe ọmọ mi ni mo gbọ́. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ló ti gé e, lábẹ́ ojú gan-an, ká ní ó fi díẹ̀ ga sí i ni, ojú yẹn ti lọ. Ọmọdé bẹ́ẹ̀ yẹn, ìwọ̀n ìga wọn ni pé orí àtojú wọn ló bá ẹnu ajá dọ́gba, ẹ má gbàgbé ìyẹn nígbà tẹ́ ẹ bá ń ronú nípa ọmọ ọdún méjì.

Mo ṣe àṣìṣe níbẹ̀. Mo da spirit sí egbò yẹn, mo fi aṣọ dì í, a sáré jáde. Ohun tó yẹ kí n ṣe ni kí n fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ̀ ọ́, ìṣẹ́jú 15 gbáko, kódà bí ọmọ ń ké, torí inú itọ́ ajá ni kòkòrò àrùn dìgbòlugi wà, fífọ̀ yẹn sì ń gbé púpọ̀ lọ. Àrùn yẹn, tí àmì ẹ̀ bá ti fi lè hàn lára èèyàn, ikú ni, ẹni tó yè é ò wọ́pọ̀ rárá. Ó lè tó oṣù méjì mẹ́ta kí àmì yẹn tó yọ, ohun tó ń jẹ́ káwọn kan rò pé àwọn ti bọ́ nìyẹn.

Dókítà tá a kọ́kọ́ bá, kò bi wá ní nǹkan kan nípa ajá yẹn, ó kàn rán ojú egbò pa. Mo ní ẹ jọ̀ọ́ sà, abẹ́rẹ́ dìgbòlugi ńkọ́, ó ní "ṣebí ajá ilé ni?" Ajá ilé tí a ò rí káàdì àjẹsára ẹ̀! Ọjọ́ Sunday a lọ síbòmíì, wọ́n ní ẹni tí kọ́kọ́rọ́ yàrá abẹ́rẹ́ wà lọ́wọ́ ẹ̀ ò sí, ká padà wá lọ́jọ́ Monday, obìnrin yẹn ò tiẹ̀ gbójú sókè wo ọmọ tí mo gbé dání, fóònù ló ń tẹ̀. Ọjọ́ Monday la tó rí dókítà tó mọ iṣẹ́ ẹ̀. Ó ní kò yẹ kí wọ́n tètè rán an, torí yàtọ̀ sí àjẹsára, abẹ́rẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní immunoglobulin, èròjà tó ń gbógun ti kòkòrò náà lójú ẹsẹ̀, tí wọ́n gbọ́dọ̀ fún sínú egbò àti ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kí wọ́n tó rán ohunkóhun. Ó wá ní láti tú díẹ̀ nínú okùn yẹn. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ ọdún méje, abẹ́rẹ́ sínú egbò, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, èmi ni mo di orí ẹ̀ mú, ó ń pè mí ní "Mọ́mì, ẹ ní kí wọ́n dúró", mi ò sì lè ní kí wọ́n dúró. Lẹ́yìn náà àjẹsára lápá lọ́jọ́ yẹn, a tún padà lọ́jọ́ kẹta, ọjọ́ keje, àti ọjọ́ kẹrìnlá. A ò fo ìkankan. Wọ́n tún fún un ní ti tẹ́tánọ́ọ̀sì.

Nǹkan míì, àwọn ọ̀rẹ́ àbúrò mi gbé igi dé lálẹ́ ọjọ́ Sátidé yẹn pé àwọn fẹ́ pa ajá náà. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n pa á o. Ẹ tì í mọ́ ibi tí kò ti lè jáde, kẹ́ ẹ pe dókítà ẹranko, wọ́n máa ń ṣọ́ ọ fún ọjọ́ 10. Tí kòkòrò dìgbòlugi bá ti wà nínú itọ́ ẹ̀ lọ́jọ́ tó géèyàn jẹ, kò ní pé ọjọ́ 10 kí àìsàn tó hàn lára ẹ̀ tàbí kó kú. Tẹ́ ẹ bá pa á kẹ́ ẹ sì gbé e jù nù, ohun tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ ti bá a lọ. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ má torí pé ẹ ń ṣọ́ ajá kẹ́ ẹ dá abẹ́rẹ́ dúró o. Ara ajá tiwa le títí ọjọ́ 10 fi pé.

Ẹ tún máa gbọ́ pé ajá tó bá ń ju ìrù, inú ẹ̀ dùn ni. Irọ́ ni, ó lè ju ìrù nígbà tí ara ẹ̀ ò balẹ̀ rárá, gbogbo ara ẹ̀ lèèyàn ń wò. Tó bá ń yán láìjẹ́ pé oorun ń kùn ún, tó ń lá ètè láìsí oúnjẹ níbẹ̀, tó yí ojú kúrò, ó ti ń sọ̀rọ̀ nìyẹn. Àti pé ká fi ṣéènì so ajá mọ́lẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́ kọ́ ni ìtọ́jú, ajá tí kò lè sá, jíjẹ ló kù fún un.

Ọ̀rọ̀ Rottweiler yẹn wàyí. Wọ́n ṣe ìwádìí kan tó jáde nínú Science, ìwé ìròyìn àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, lọ́dún 2022, ajá tó lé ní 18,000 ni wọ́n bi àwọn alájá nípa ìwà wọn, ìyàtọ̀ tó wà nínú ìwà ajá kan sí èkejì, nǹkan bí 9 nínú 100 péré ni irú ajá tó jẹ́ ṣàlàyé ẹ̀. Mo gbà, mo ti rí Rottweiler tí ọmọdé ń sùn lé lórí (èmi ò ní gbà kí ọmọ mi dán an wò ṣá). Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ á sọ ìyẹn tán, wọ́n á gbàgbé pé akọ Rottweiler lè wọn 50 kílò. Ajá kékeré tínú bí á ha èèyàn lẹ́sẹ̀. Èyí, tó bá di ọmọ ọdún méjì mú, àgbàlagbà kan ṣoṣo lè má lè gbà á lẹ́nu ẹ̀. Torí náà ìtàn ajá yẹn gan-an ni kí wọ́n wá, kí wọ́n yéé jiyàn lórí irú ajá.

Àwọn nǹkan ìyókù ẹ ti mọ̀ ọ́n, géètì kékeré láàárín yàrá, ohun bíi agbọ̀n tí wọ́n fi ń bo ajá lẹ́nu tó ṣì lè mumi tó sì lè mí nínú ẹ̀, àjẹsára, kí ọmọ àti ajá má wà níbì kan láìsí àgbàlagbà tó fojú sí wọn lára. Mo ní tó fojú sí wọn lára o, kì í ṣe tó ń ká aṣọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ìbéèrè yín gan-an ni pé báwo lẹ ṣe máa sọ ọ́. Ẹ má ṣe bí mo ṣe ṣe. Èmi kó àwọn àgbà ẹbí jọ lé àbúrò mi lórí, ó fi ìyẹn ṣe tèmi-ò-gbà, ajá sì dé ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ẹ lọ bá ẹ̀gbọ́n yín láwọn nìkan, ẹ má dárúkọ ajá burúkú fún wọn, ẹ ní "Bọ̀dá mi, ẹ jẹ́ kí n bá yín lọ wò ó." Tẹ́ ẹ bá débẹ̀, ẹ lọ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, kẹ́ ẹ wò ó nígbà tó ń jẹun, kẹ́ ẹ wo ojú ẹ̀ nígbà tí ọmọdé bá gba ọ̀ọ́kán kọjá. Ẹ bi wọ́n bóyá ó ti gbé pẹ̀lú ọmọdé rí, bóyá ó ti géèyàn jẹ, ta ló dá a padà, kí sì ni onítọ̀hún sọ. Tí wọ́n bá fi gbólóhùn kan dá yín lóhùn bí wọ́n ṣe fi dá èmi lóhùn, ẹ ní kí wọ́n gbé ìwé ajá náà jáde, kí ẹ̀gbọ́n yín fojú ara wọn kà á.