Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Èèyàn ń pọ̀ nínú ẹgbẹ́ wa, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ò pọ̀ sí i

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Àwa díẹ̀ la dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ létí odò Sókòrí níbí l'Abẹ́òkúta, a máa ń kó gọ́tà, a sì ń ṣa náílọ̀n píọ̀ wọ́tà àti ike tó ń dí ojú omi. Àwọn tó wà lórí WhatsApp wa ti lé ní 80 báyìí, àmọ́ tó bá di Sátidé, àwa kan náà la tún máa ń rí ara wa. Àwọn kan ní ká lọ ríjísítà ní CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀, ká lè máa wá owó, àwọn kan ní ká ṣì ní sùúrù. Kí la máa ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ takuntakun, mà. Iṣẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò ni mò ń ṣe, ohun tẹ́ẹ sọ yìí gan-an ló sì máa ń tú ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ká, torí àwọn díẹ̀ tó ń ṣe é máa rẹ̀ wọ́n lọ́jọ́ kan.

Ẹ jẹ́ n bi yín ná, gọ́tà ta lẹ̀ ń kó? Tó bá jẹ́ etí odò nìkan lẹ̀ ń lọ ní gbogbo Sátidé, ẹni tó ń gbé lókè lọ́hùn-ún á máa rò pé ìṣòro tiyín ni. Bẹ́ẹ̀ Abẹ́òkúta yìí, orí àpáta la wà, tí òjò bá ti rọ̀ báyìí ṣe ló máa fi eré sọ̀kalẹ̀, gbogbo ohun tí wọ́n bá jù sí gọ́tà lókè ọ̀dọ̀ yín ló ń bọ̀ kó tó gba ibẹ̀ wọ odò Ògùn lọ. Nítorí náà òkè ló yẹ kí ẹgbẹ́ yín dàgbà sí, ẹni 80 tó ń gbé létí odò ò lè kó o tán láéláé.

Báwo lẹ ṣe máa rí àwọn ará òkè fà mọ́ra? Ọmọ Ẹ̀gbá ni wá, ẹ rántí Líṣàbi. Kí wọ́n tó tẹ Abẹ́òkúta dó ní 1830, nígbà tí Ọ̀yọ́ ṣì ń jẹ gàba lé Ẹ̀gbá lórí, ìtàn sọ pé àáró ni bàbá yẹn fi kó àwọn àgbẹ̀ jọ, lónìí gbogbo wa á ro oko tìẹ, lọ́la a ó ro tèmi, títí tó fi máa kárí. Inú àáró yẹn ló ti wá di ẹgbẹ́ Olórógùn tó gba Ẹ̀gbá sílẹ̀. Oko wọn ló kọ́kọ́ bá wọn ro o, kó tó bá wọn sọ̀rọ̀ ogun. Ẹ ṣe tiyín bẹ́ẹ̀: ẹ kọ orúkọ àwọn títì sílẹ̀, kí títì kọ̀ọ̀kan yan èèyàn méjì tó máa jẹ́ ojú fún un, kí gbogbo ẹgbẹ́ sì máa lọ láti ọ̀kan dé èkejì, kí àwọn tó ni títì tọ́jú wílíbárò àti omi mímu. Títì tí ò bá yọ ẹnì kankan wá síbi iṣẹ́ àwọn ẹlòmíì, ẹ sún tiwọn sẹ́yìn, kò ní bí wọn nínú tó bá jẹ́ pé ẹ ti sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, iyanrìn tẹ́ẹ bá wà látinú gọ́tà, ẹ má fi sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mo máa ń rí i káàkiri ìlú, ó ń dùn mí. Òjò kan ṣoṣo á dá gbogbo ẹ̀ padà sínú gọ́tà, àwọn tó ṣiṣẹ́ á sì wò ó pé òfò ni, wọn ò ní wá mọ́. Ọjọ́ náà gan-an ni kẹ́ẹ kó o kúrò.

Tó bá kan ọ̀rọ̀ owó, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ látara ohun tẹ́ẹ ń ṣà. Kílò ni àwọn tó ń ra ike fi ń rà á, wọn ò sì fẹ́ àdàlù: ẹ yọ ìdérí, ẹ tẹ ike fún, ẹ ya èyí tó funfun sọ́tọ̀ kúrò lára aláwọ̀. Náílọ̀n píọ̀ wọ́tà, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ sá a kó gbẹ dáadáa, torí tó bá tutù wọ́n máa yọ owó omi kúrò. Kí akápò ka ìwé owó sókè ní gbogbo mítìn, bó ti wù kó kéré tó.

Ti CAC yẹn, ẹ má kánjú. Ẹgbẹ́ tó fẹ́ forúkọ sílẹ̀ gbọ́dọ̀ ní òfin tirẹ̀ àti àwọn alágbàtọ́ (trustees) tó máa dúró fún un, ó máa polówó nínú ìwé ìròyìn méjì, ó sì máa ń fi ìròyìn ránṣẹ́ lọ́dọọdún. Ìnáwó ni gbogbo ẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ lọ fi ara yín han CDA, ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò yín, torí àwọn ni ìjọba ìbílẹ̀ mọ̀, ibẹ̀ lẹ sì ti máa rí àwọn ará òkè bá sọ̀rọ̀. Tí iṣẹ́ bá ti kárí títì bíi mélòó kan, ẹ wá lọ ríjísítà.

Wangari Maathai, obìnrin tó dá ẹgbẹ́ tó ń gbin igi sílẹ̀ ní Kẹ́ńyà, igi méje ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ní 1977, nígbà tó fi máa gba ẹ̀bùn Nobel ní 2004 igi ti lé ní mílíọ̀nù 30. Owó táṣẹ́rẹ́ tó ń fún àwọn obìnrin tó ń tọ́jú igi, orí èyí tó bá yè ló ń san án lé. Ẹ̀yin náà, ẹ yéé ka iye èèyàn tó wà lórí WhatsApp, gọ́tà tí omi ṣì ń gbà kọjá lẹ́yìn òjò ni kẹ́ẹ máa kà.

Ẹ gbìyànjú kí àáró yín bẹ̀rẹ̀ kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé, látorí títì tó wà lókè pátápátá, kẹ́ẹ máa sọ̀kalẹ̀ bọ̀ wá sí tiyín.