Jẹ́tì Wa Ti Gbó: Ṣé Ká Wó O Ni, àbí Ká Tún Un Ṣe?

Lẹ́tà púpọ̀ ló dé lóṣù yìí lórí jẹ́tì ìlú (ibi tí ọkọ̀ ojú omi ń gúnlẹ̀ sí) tó ti ń darúgbó. Márùn-ún la mú dáhùn.

Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Jẹ́tì kọnkéré tí gbogbo ìlú wa ń lò ti lé ní ọgbọ̀n ọdún. Òkè rẹ̀ ṣì dára, ṣùgbọ́n irin ti ń yọjú lábẹ́ rẹ̀. Àwọn kan ní ká fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ, àwọn kan ní ká wó o. Èwo ni ká ṣe? (Akọ̀wé ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè, nítòsí Apapa)

Akọ̀wé wa, ẹ má tíì wó o, ẹ má sì rẹ́ ẹ. Abẹ́ rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ wò, torí òpó àti ìdábùú ló máa sọ bóyá ó ṣì lọ́jọ́ iwájú.

Ìgbà oṣù tuntun tàbí òṣùpá àrànmọ́jú ni kí ẹ lọ, torí ìgbà náà ni omi máa ń fà jù. Ẹ wọ ọkọ̀ kékeré sábẹ́ jẹ́tì náà pẹ̀lú òòlù, ṣọ́ọ̀kì, tẹ́ẹ̀pù àti káálípà tí ẹ ó fi wọn sísanra irin. Ẹ kọ nọ́ńbà sára òpó kọ̀ọ̀kan. Ẹ máa fi òòlù kan kọnkéré náà jẹ́jẹ́: ibi tó bá dún gbọnmọ ṣì le, ibi tó bá dún bí ìkòkò òfìfo ti là nínú, bí ojú rẹ̀ kò tilẹ̀ tíì là. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì yí ibẹ̀ po, kí ẹ ya fọ́tò rẹ̀. Níbi tí irin bá ti yọ síta, ẹ ha ìpẹtà rẹ̀ kúrò kí ẹ tó wọ̀n ọ́n. Irin 16 mm tó ti ku 13 mm ti pàdánù nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta agbára rẹ̀.

Iyọ̀ inú omi ló ń wọ inú kọnkéré lọ bá irin. Àgbède tí omi ń gùn dé tó tún ń fà kúrò ló máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́, nítorí iyọ̀, omi àti afẹ́fẹ́ ń pàdé níbẹ̀. Ibi tí kì í yọ lókè omi rárá máa ń pẹ́ jù ú lọ. Ìpẹtà máa ń gba àyè ju irin tó ti wá lọ, á sì máa ti kọnkéré láti inú títí yóò fi bẹ́. Ìdí nìyẹn tí sìmẹ́ńtì tí bíríkìlà kàn rẹ́ lé e fi ń já bọ́: iyọ̀ ṣì wà lẹ́yìn irin náà, iṣẹ́ rẹ̀ kò sì dúró.

Àtúnṣe tó máa pẹ́ gba kí ẹ gbẹ́ kọnkéré tó ti bàjẹ́ kúrò títí ẹ ó fi kọjá ẹ̀yìn irin ní 25 mm. Ẹ ha irin náà títí yóò fi mọ́, kí ẹ sì fi omi tí kò níyọ̀ fọ̀ ọ́. Bí irin bá ti tín-ín-rín jù, ẹ so tuntun mọ́ ọn: fún irin 16 mm, kí tuntun àti àtijọ́ sùn ti ara wọn tó 640 mm. Ẹ má lo yanrìn etí òkun, ẹ má sì fi omi ọ̀sà po ó. Omi tí àpò sìmẹ́ńtì 50 kg kan nílò kò gbọdọ̀ ju lítà 22 lọ, kí ẹ sì ka omi tó wà nínú yanrìn tútù mọ́ ọn. Òṣìṣẹ́ yóò fẹ́ bu omi sí i kó lè rọ̀. Ẹ má gbà fún un, torí omi àṣejù ló ń ṣí ọ̀nà sílẹ̀ fún iyọ̀. Kọnkéré tó bo irin kò gbọdọ̀ dín ní 50 mm, 75 mm ló dára jù níbi tí omi ń ta sí. Ẹ fi àpò tútù bò ó fún ọjọ́ méje.

Ẹ wọn jíjìn omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú, pàápàá bí wọ́n bá ń wa yanrìn nítòsí. Bí òpó tó yọ mítà 4 lókè ilẹ̀ bá di mítà 5 nítorí pé ilẹ̀ ti wọ lọ, agbára rẹ̀ láti dúró láì tẹ̀ yóò dín ní ìdá kan nínú mẹ́ta.

Èrò wa ni pé bí ìdajì òpó bá ti pàdánù ìdá kan nínú mẹ́ta irin rẹ̀, ẹ ti jẹ́tì náà pa fún èrò títí ẹnjiníà yóò fi dé. Bó bá jẹ́ pé òpó ìparí ọ̀hún nìkan ló bàjẹ́, ẹ lè gé jẹ́tì náà kúrú. Ẹ ṣáà wò ó kí omi ní ìparí tuntun rẹ̀ ṣì jìn tó: ọkọ̀ tí ìdí rẹ̀ ń wọ omi ní 60 cm nílò 1.1 mítà nígbà tí omi bá fà.

Tiwa, igi ni. Òpó ń jẹrà níbi tí omi mọ. Irú igi wo ni ká rà? (Ọlọ́kọ̀ ojú omi, Ẹ̀pẹ́)

Ekki tàbí ọ̀pẹ̀pẹ̀. Omi Ẹ̀pẹ́ kò níyọ̀ púpọ̀, nítorí náà ìjẹrà lásán ló ń bá yín jà. Lápá Èkó àti Bàdágìrì, kòkòrò agbẹ́gi inú omi iyọ̀ ló burú jù: ihò bín-ín-tín ló ń gbà wọlé, á sì jẹ inú igi tán kí ojú rẹ̀ tó yí padà. Ẹ fi irin ṣóńṣó gún òpó yíká níbi tí omi mọ. Bí ó bá wọlé ju 20 mm lọ láìsí wàhálà, igi náà ti ń lọ. Kí pákó orí rẹ̀ nípọn tó 50 mm, kí àlàfo 10 mm wà láàárín wọn kí òjò lè ṣàn kúrò. Bolt tí wọ́n ti rì sínú síǹkì ni kí káfíńtà lò, kì í ṣe ìṣó lásán. Ẹ máa kó ewé hyacinth tó ti ń dà wá láàmú lórí ọ̀sà láti 1984 kúrò lára òpó. Bí ìṣàn bá kó o jọ, ó lè ti òpó gbígbó ṣubú.

Wọ́n ní jẹ́tì tó ń léfòó lórí dúrọ́ọ̀mù kò wọ́n. Ṣé ká fi rọ́pò èyí tó gbó? (Ìyá ọlọ́jà, Bàdágìrì)

Ẹ kú ọjà o, mà. Ó dára fún apá ọ̀sà. Ní ti etí òkun gbangba, ẹ má dán an wò. Ìgbì òkun ló fọ́ jẹ́tì irin tí àwọn ará Jámánì ṣí ní Lomé ní 1904, nígbà tó di 1911.

Ká ní èrò 30 ló máa dúró lórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà: 75 kg lọ́nà 30 jẹ́ 2,250 kg. Bí pákó àti férémù bá wúwo tó 1,000 kg, gbogbo rẹ̀ di 3,250 kg. Dúrọ́ọ̀mù oníke lítà 200 kan ń gbé nǹkan bí 200 kg, nítorí náà 17 ló máa gbé e dọ́gbadọ́gba pẹ̀lú omi. Ẹ sọ ọ́ di 34, torí gbogbo èrò ló máa sáré sí ẹ̀gbẹ́ kan nígbà tí ọkọ̀ bá dé. Dúrọ́ọ̀mù onírin máa ń lu. Ẹ de ọmọrí àwọn oníke náà pinpin, ẹ sì pín wọn káàkiri kí jíjò ọ̀kan má bàa mú gbogbo rẹ̀ tẹ̀. Ṣéènì ni kí ẹ fi so ó mọ́ òpó, kí ó lè gòkè sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú omi.

Àwa ọmọ ìlú tó wà ní London fẹ́ dáwó fún jẹ́tì tuntun. Báwo ni owó náà kò ṣe ní ṣòfò?

Ẹ wo Hastings, tí kò jìnnà sí yín. Iná jó jẹ́tì ìlú náà ní October 2010. Àwọn ará ìlú jà fún un, wọ́n ra ìpín nínú rẹ̀, iṣẹ́ tó gbà ju £14 mílíọ̀nù lọ sì parí ní 2016. Ní October 2017 ó gba ẹ̀bùn Stirling Prize fún iṣẹ́ ilé kíkọ́. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, ẹgbẹ́ aláàánú tó ni ín kò lè gbọ́ bùkátà rẹ̀ mọ́, ó di ọwọ́ alákòóso gbèsè. Owó ìkọ́lé wà, ṣùgbọ́n owó tó ń wọlé kò ká ìnáwó ọdọọdún. Ẹ fi ìdá kan nínú márùn-ún owó tí ẹ bá dá sí báńkì fún ìtọ́jú, kí orúkọ mẹ́ta máa fọwọ́ sí i, ará ilé méjì, ará London kan. Jẹ́tì mítà 20 tí ẹ lágbára àtitọ́jú sàn fún ìlú ju ti mítà 60 lọ.

Ta ni ká kọ̀wé sí kí a tó ri òpó tuntun? (Baálẹ̀ kan, Ìkòròdú)

NIWA ni, Kábíyèsí, ìyẹn àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ọ̀nà omi abẹ́lé. Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dájọ́ ní January 2024 pé ọwọ́ àjọ náà ni àṣẹ lórí ọ̀nà omi abẹ́lé wà. Ẹ fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí LASWA, àjọ ọ̀nà omi ti ìpínlẹ̀ Èkó, kí ẹ sì so fọ́tò àti nọ́ńbà òpó kọ̀ọ̀kan mọ́ lẹ́tà náà.