Mi ò bi wọ́n, wọ́n ń gbà mí nímọ̀ràn

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ mà. Òkè-Fia, Òṣogbo, ni mò ń gbé. Mo fi fọ́tò ọmọ mi, ọmọ ọ̀sẹ̀ méje, sórí gírúùpù WhatsApp àwa ìyá ọlọ́mọ. Kí n tó mọ̀, wọ́n ní ọmọ gbẹ, ọyàn mi ò yó o, kí n máa fún un lómi àti àgbo. Ẹnìkan ní oge lásán ni mò ń ṣe. Àǹtí ọkọ mi wà níbẹ̀, àwọn náà sì dá sí i. Mo ti sunkún títí. Kí ni kí n ṣe?

ÌDÁHÙN (nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí): Ẹ kú ọwọ́ lómi o, ìyá ìkókó. Ọ̀rọ̀ ọmọ àti ọ̀rọ̀ èébú ti lọ́ mọ́ra. Ẹ jẹ́ ká yà wọ́n sọ́tọ̀.

A kì í fojú fọ́tò mọ bí ọmọ ṣe tẹ̀wọ̀n tó. Ẹ wo káàdì tí wọ́n kọ ìwọ̀n rẹ̀ sí nígbà tó gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ọ̀sẹ̀ 6. Bí ìwọ̀n náà bá ń lọ sókè, tó sì ń tọ̀ tó ẹ̀ẹ̀mẹ́fà ní wákàtí 24, ọyàn yín ń yó o. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ọ̀la ni kí ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn, ẹ má dúró de ti ọ̀sẹ̀ 10. Omi àti àgbo ò kàn án títí yóò fi pé oṣù 6. Omi ló pọ̀ jù nínú wàrà ọyàn fúnra rẹ̀. Èyí tí ẹ bá tún fi kún un á gba àyè oúnjẹ níkùn rẹ̀, ó sì lè fa ìgbẹ́ gbuuru.

Ní ti èébú, ẹ má rojọ́. Ẹ kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan péré: “Ẹ ṣé, ẹ̀yin ìyá mi. Ìmọ̀ràn nọ́ọ̀sì là ń tẹ̀ lé fún ọmọ yìí.” Bí wọn ò bá dákẹ́, ẹ pa ohùn gírúùpù náà fún wákàtí 8, ọ̀sẹ̀ kan tàbí títí lọ, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ẹ fi ẹjọ́ ẹni tó bú yín sun ádímínì ní kọ̀rọ̀.

Ti àǹtí ọkọ yín yàtọ̀ pátápátá. Ẹ má dá wọn lóhùn lójú gbogbo èèyàn. Kí ẹ̀yin àti ọkọ yín jọ lọ kí wọn, ẹ kúnlẹ̀, kí ẹ mú káàdì náà dání: “Ẹ ṣé tí ẹ rò ó fún wa, mà. Ẹ wo ohun tí wọ́n kọ.” Mo ti rí ìyá àgbà tó gba irú ọ̀wọ̀ yìí, tó wá di agbèjà ìyàwó. Àmọ́ ọkọ yín ni kó sọ ti àgbo, kó má bàa dà bíi pé ẹ̀ ń já wọn níyàn.

Bí ẹkún yìí bá ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, tí oorun ò kùn yín kódà nígbà tí ọmọ bá sùn, ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì níbi tí ẹ ti ń gba abẹ́rẹ́. Àìsàn lèyí lè jẹ́, ó máa ń ṣe ìyá ìkókó, ìtọ́jú sì wà fún un.