Ẹ̀bá Odò Àlà, Láti Àárín Àkúrẹ́ Dé Inú Igbó: Báwo La Ṣe Lè Fẹsẹ̀ Rìn Ín?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìjàpọ̀ ni mo ń gbé níbí ní Àkúrẹ́, báńkì ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi mẹ́ta fẹ́ fẹsẹ̀ tọ odò Àlà láti àárín ìlú títí wọ inú igbó ní Sátidé kan. Ṣé ó ṣeé rìn tán lọ́jọ́ kan? Kí ló yẹ ká mú dání, kí ló sì yẹ ká ṣọ́ra fún?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, inú mi dùn sí ìbéèrè yìí. Ojoojúmọ́ la ń gba orí afárá Àlà kọjá, a kì í wo ìsàlẹ̀. Àmọ́ kò ṣeé rìn tán lọ́jọ́ kan. Odò náà gùn tó nǹkan bíi kìlómítà 57, láti ìhà àríwá ìwọ̀-oòrùn ìlú lọ sí ìhà gúúsù ìlà-oòrùn, títí tó fi bọ́ sínú odò Ògbèsè. Bíi kìlómítà 14.8 nínú rẹ̀ ló wà láàárín Àkúrẹ́. Lójú títì, ẹni tí ara rẹ̀ le lè rin kìlómítà 4 sí 5 ní wákàtí kan. Lẹ́bàá odò, tí ẹ ń tẹ̀ ba kọjá lábẹ́ ọparun, tí ẹ ń wá ibi tí ẹ ó fẹsẹ̀ lé, bí ẹ bá rin kìlómítà 2 ní wákàtí kan, ẹ ti gbìyànjú. Ẹ ya Sátidé kan sọ́tọ̀ fún ti ìlú, kí ẹ fi òmíràn lọ wo díẹ̀ nínú ti oko àti igbó.

Ọ̀pọ̀ ló rò pé inú igbó nìkan ni ewu wà. Nínú iṣẹ́ afinimọ̀nà tí mò ń ṣe, inú ìlú ni mo ti rí i tí odò yìí ń ṣeni léṣe jù. Kò sí ọ̀nà kan tó bá a lọ tààrà: ẹ̀yìnkùlé ni, ògiri ni, oko ẹ̀fọ́ ni, ààtàn ni. Ṣe ni kí ẹ máa rìn láti afárá dé afárá. Ibi tí ògiri bá ti dínà, ẹ padà sójú títì, kí ẹ tún bọ́ sílẹ̀ ní afárá tó kàn. Ẹ má wọ omi níbẹ̀ rárá. Àfọ́kù ìgò àti ìṣó wà nínú ẹrẹ̀, ìdọ̀tí ilé àti ọjà sì ń ṣàn wọ inú rẹ̀. Bí ẹ kò bá tíì gba abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì láti ọdún 10 sẹ́yìn, ẹ gbà á kí ẹ tó lọ.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ fojú ara yín rí. Bí ẹ bá dé etí odò, ẹ gbójú sókè wo ẹ̀ka igi. Ẹ ó rí ọ̀rá píọ̀ wọ́tà, àkísà àti koríko gbígbẹ tó há sí i, nígbà mìíràn á ga ju orí àgbàlagbà lọ. Atẹ́gùn kọ́ ló gbé wọn síbẹ̀ o, ibẹ̀ ni omi dé nígbà òjò. Ilé, kọnkéré àti ọ̀dà ti bo ilẹ̀ ìlú, omi òjò kò ríbi wọlẹ̀ mọ́, gọ́tà sì ń da gbogbo rẹ̀ sínú Àlà lẹ́ẹ̀kan náà. Oòrùn lè máa ràn níbi tí ẹ wà, kí odò ṣì kún mọ́ yín lẹ́sẹ̀, torí òkè odò ni òjò ti rọ̀.

Ó ṣẹlẹ̀ sí mi rí ní oṣù kẹwàá, pẹ̀lú èèyàn márùn-ún tí mo mú lọ. Omi tí kò ju orókùn lọ la sọdá láàárọ̀. Ìgbà tí a ń padà bọ̀, ó ti pọ́n bí amọ̀, ó ń gbé igi bọ̀. Oko olóko la gbà fún wákàtí méjì kí a tó rí afárá. Ẹ̀bi mi ni, torí mo ti rí i pé ojú ọ̀run ṣú níhà ìlú, mo sì ní kò ní tó nǹkan. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń gún igi kan sétí omi kí a tó jókòó jẹun. Bí omi bá fi ìbú ìka kan gun igi náà kí a tó jẹun tán, a ti dìde nìyẹn. Ìdí tí mo fi ní kí ẹ dúró di ìparí oṣù kọkànlá nìyí, kí ẹ sì ti lọ bọ̀ kí oṣù kejì tó parí. Ẹ máa wo èéfín o, torí ìgbà iná ọ̀ràrá náà ni.

Bí ẹ bá fẹ́ sọdá lẹ́yìn ìlú, ẹ má wá ibi tó pa rọ́rọ́. Ibi tí odò ti fẹ̀, tí omi ń pariwo lórí òkúta, ibẹ̀ ni kì í sábà jìn. Èyí tó bá ga ju orókùn tó sì ń sáré, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ tú okùn àpò ẹ̀yìn yín, kí ó lè bọ́ bí ẹ bá ṣubú. Omi tó dúró sójú kan ńkọ́? Ẹ yà fún un: inú irú rẹ̀ ni kòkòrò àtọ̀sí ajá, àrùn tó ń múni tọ ẹ̀jẹ̀, ti ń gba awọ ara wọlé.

Ní ti oko àti igbó, ẹ má dá wọ̀ ọ́. Ọ̀rọ̀ ajínigbé kì í ṣe ohun tí a ń fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn lágbègbè wa. Ẹ kọ́kọ́ lọ kí Ọlọ́jà, ìyẹn baálẹ̀, abúlé tí ẹ ó gbà wọlé, kí ó fún yín ní ọmọ ibẹ̀ kan tó mọ ọ̀nà, kí ẹ sì bi Àmọ̀tẹ́kùn bí ibẹ̀ ṣe rí lọ́sẹ̀ yẹn. Bí wọ́n bá ní kí ẹ má lọ, ẹ padà. Bí ẹ bá rí àkísà, ìkarahun ìgbín tàbí ṣùkù àgbàdo tí wọ́n so rọ̀ lẹ́bàá oko, ààlè ni, ẹ má fọwọ́ kan ohunkóhun níbẹ̀, ì báà ṣe ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó já sílẹ̀. Bí màrìwò bá sì dábùú ọ̀nà, ojúbọ wà níwájú. Ẹ má ya fọ́tò, ẹ gba ibòmíràn.

Bàtà òjò àwọn àgbẹ̀ ni kí ẹ wọ̀ fún igbó, pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ tó nípọn, torí ewé kòkó tó bo ilẹ̀ lè bo ejò. Ẹ máa fi ọ̀pá na iwájú. Bí ejò bá buni jẹ, ẹ má sín in ní gbẹ́rẹ́, ẹ má fẹnu fà á, ẹ má so ó pinpin; kí ẹsẹ̀ náà má mira, kí ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá. Aṣọ ọlọ́wọ́ gígùn ni kí ẹ wọ̀ nítorí kòkòrò dúdú kéékèèké tó ń jẹni lọ́sàn-án lẹ́bàá omi tó ń sáré, torí irú wọn ló ń kó inárun, àrùn ara yíyún tó lè fọ́ni lójú, ranni. Kí ẹnì kọ̀ọ̀kan gbé omi lítà 3, ẹ̀pà, búrẹ́dì àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ díndín. Mọ́ínmọ́ín á ti kan kí ọ̀sán tó pọ́n.

Ẹ kọ́kọ́ fi òkè Ìdánrè dán ẹsẹ̀ yín wò. Àtẹ̀gùn rẹ̀ lé ní 600. Ẹni tí orókùn rẹ̀ bá ń dùn ún lọ́jọ́ kejì, ẹ jẹ́ kó sinmi ọ̀sẹ̀ méjì.

Ẹ kúrò nílé ní aago 6 àbọ̀ àárọ̀. Lọ́jọ́ ti igbó, bí aago 12 bá ti lù, ibi yòówù kí ẹ dé, ẹ yí padà. Láti ìparí oṣù kọkànlá sí oṣù kejì tí mo ní kí ẹ lọ, láàárín aago 6:15 sí 6:50 ìrọ̀lẹ́ ni oòrùn ń wọ̀ ní Àkúrẹ́, abẹ́ igi kòkó á sì ti ṣókùnkùn ṣáájú. Ẹ sọ wákàtí tí ẹ ó dé fún ẹnì kan nílé, kí ẹ sì fún un ní nọ́ńbà Ọlọ́jà náà.