Díráìfù síídì láptọ́ọ̀pù mi ti ń kọ iṣẹ́, ṣé kí n ra òmíràn ni?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá wa. Láptọ́ọ̀pù kan wà lọ́wọ́ mi tó ti pẹ́ gan-an, gbogbo ẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ibi tí wọ́n ń ki síídì bọ̀ nìkan ló ń dà mí láàmú. Tí mo bá fi síídì sí i á máa yí, á máa dún kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀, tó bá yá á ní kí n fi síídì sí i, bẹ́ẹ̀ síídì wà nínú ẹ̀! Ó máa ń ka síídì orin nígbà míì àmọ́ kò ka dífídì mọ́ rárá, ìgbà míì sì rèé, kò ní ṣí. Fọ́tò ìgbéyàwó àti ti àwọn ọmọ wà lórí síídì tí mo fẹ́ kó jáde, mo sì tún fẹ́ fi Windows míì sí láptọ́ọ̀pù yẹn. Àwọn kan ní kí n ra díráìfù tuntun, àwọn kan ní kí n ju gbogbo ẹ̀ nù. Kí ni kí n ṣe?

ÌDÁHÙN: Ẹ má tíì ju nǹkan kan nù o. Ọ̀rọ̀ kan tẹ́ ẹ sọ níbẹ̀ ti tú ìdajì àṣírí ìṣòro yẹn fún mi, ìyẹn pé ó ń ka síídì àmọ́ kò ka dífídì. Nínú díráìfù kan ṣoṣo yẹn, lésà méjì ló wà níbẹ̀, ọ̀kan ń ka síídì, ọ̀kan ń ka dífídì. Ìgbì iná ti síídì gùn tó 780 nm, ti dífídì jẹ́ 650 nm, torí pé àwọn àmì tí wọ́n kọ sára dífídì kéré púpọ̀ ju ti síídì lọ, òun ló fi jẹ́ pé nǹkan bíi 700 MB ló ń wọ síídì tí 4.7 GB sì ń wọ dífídì, bẹ́ẹ̀ àwọn méjèèjì jọ tóbi bákan náà ni. Torí náà lésà kan lè kú kí èkejì ṣì máa bá iṣẹ́ ẹ̀ lọ bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Ó sì lè má kú o, ó lè jẹ́ eruku lásán ló bo lẹ́ǹsì, dífídì ló sì máa ń kọ́kọ́ jìyà ẹ̀ torí kò sí bí ojú tó dọ̀tí ṣe fẹ́ rí àmì tó kéré tó yẹn. Ẹ jẹ́ ká gbà pé eruku ni ná, torí eruku ò gbówó lọ́wọ́ ẹni.

Àmọ́ ká tó fọwọ́ kan lẹ́ǹsì, ẹ jẹ́ ká mọ ẹni tó jẹ̀bi gan-an. Ẹ wá síídì tí ilé iṣẹ́ tẹ̀ jáde, irú ti fíìmù tàbí orin tó wá látinú páálí ẹ̀, kì í ṣe èyí tẹ́nì kan bọ́ọ̀nù nílé. Èyí tí wọ́n bọ́ọ̀nù yẹn, kẹ́míkà tó dà bí aró ló wà nínú ẹ̀, kì í dá iná padà tó ti ilé iṣẹ́, èyí tó ṣeé parẹ́ kọ, ìyẹn RW, tún wá burú jù. Tí lésà bá ti ń rẹ̀, àwọn tí wọ́n bọ́ọ̀nù ló máa kọ́kọ́ kọ̀ sílẹ̀ táá sì máa ka ti ilé iṣẹ́ lọ ràì. Tẹ́ ẹ bá wá fi bíi mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ wò tó jẹ́ ọ̀kan péré ló kọ̀, síídì yẹn lẹ máa bá wí, kì í ṣe díráìfù.

Ẹlòmíì tún wà tí díráìfù ẹ̀ ò ní nǹkan kan tó ṣe é, Windows ló ń fìyà jẹ ẹ́. Láti orí Windows 8 ni Microsoft ti yọ ohun tó ń fi fíìmù dífídì hàn kúrò nínú Windows, torí náà èèyàn á fi fíìmù sí i kò ní ṣí, á ní díráìfù ti bàjẹ́. Ẹ fi VLC síbẹ̀, ọ̀fẹ́ ni, kẹ́ ẹ fi wo dífídì yẹn. Tó bá jẹ́ pé àwòrán díráìfù yẹn ti pòórá pátápátá nínú This PC, ẹ lọ sínú Device Manager, ẹ wò ó lábẹ́ DVD/CD-ROM drives, tẹ́ ẹ bá rí àmì ìkìlọ̀ aláwọ̀ yẹ́lò níbẹ̀ tí wọ́n kọ Code 19 tàbí Code 39 sí i, àwọn sọ́fúwíà tí wọ́n fi ń bọ́ọ̀nù láyé àtijọ́ ló sábà máa ń fi ìdọ̀tí yẹn sílẹ̀ sínú registry, ìyẹn ibi tí Windows ń kọ àwọn ètò ẹ̀ pa mọ́ sí, orúkọ tó máa ń jẹ́ ni UpperFilters àti LowerFilters, ó wà lábẹ́ class tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 4D36E965. Ẹ ṣe bákọ́ọ̀pù registry yẹn kẹ́ ẹ tó pa wọ́n rẹ́ o, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ pa kọ̀ǹpútà kẹ́ ẹ tún tàn án. Tó bá wá jẹ́ pé inú BIOS gan-an, ìyẹn ètò tó kọ́kọ́ ń jí kọ̀ǹpútà, kí Windows tó wọlé rárá, wọn ò rí díráìfù yẹn, ẹ má wulẹ̀ yọ Windows lẹ́nu, ara díráìfù tàbí ibi tó ti wọnú láptọ́ọ̀pù ni.

Ó dáa, ó kọ̀, kò ṣí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ọ̀bẹ yọ ọ́! Tẹ́ ẹ bá wo iwájú ẹ̀ dáadáa ẹ máa rí ihò kékeré kan, bíńtín. Ẹ pa láptọ́ọ̀pù pátápátá, ẹ na pín-ìn-nì tí wọ́n fi ń há pépà kó gún gbọọrọ, ẹ tì í bọnú ihò yẹn tààràtà, ẹ máa gbọ́ kó fẹsẹ̀ kọ nǹkan kan, ẹ rọra tẹ̀ ẹ́ sí i, á já sílẹ̀, ẹ wá fi ọwọ́ fà á jáde. Àwọn tí wọ́n kàn ń ti síídì bọnú ẹ̀ láìsí àwo tó ń jáde, ọ̀pọ̀ wọn ò ní ihò yẹn, ìyẹn tún ṣòro díẹ̀, ẹ má fi tipátipá ṣe é.

Tó bá ti ṣí báyìí, ẹ wò ó, ẹ máa rí dígí róbótó kékeré kan lórí àwo yẹn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí síídì ń jókòó sí. Lẹ́ǹsì nìyẹn. Ti láptọ́ọ̀pù yàtọ̀ sí ti kọ̀ǹpútà orí tábìlì torí òun àti àwo ló jọ ń jáde, nǹkan tó ń jẹ́ kí eruku tètè rí i mú náà nìyẹn, ṣùgbọ́n òun náà ló jẹ́ kó rọrùn fún wa láti nù. Láptọ́ọ̀pù ti gbọ́dọ̀ wà ní pípa, ẹ yọ ṣájà, ẹ yọ bátìrì tó bá ṣeé yọ. Ẹ fi ohun tó ń fẹ́ atẹ́gùn, irú èyí tí wọ́n fi ń fẹ́ kámẹ́rà, fẹ́ eruku kúrò lójú ẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́. Ẹ má fi ẹnu fẹ́ ẹ o, itọ́ á tẹ̀ lé e, ìyẹn á wá burú ju eruku lọ. Lẹ́yìn náà ẹ mú òwú orí igi tí wọ́n fi ń nu etí, ẹ kàn án díẹ̀ sínú isopropyl alcohol tó tó 90% sókè, kò gbọ́dọ̀ máa ro tótó, ẹ wá nu ojú lẹ́ǹsì bí ẹni ń nu ojú ọmọ tuntun. Lẹ́ǹsì yẹn kò dì mọ́ ibì kan, orí wáyà tín-ínrín tín-ínrín ló wà, ó máa ń mì lókè nílẹ̀, torí náà tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ kíkan, ó parí nìyẹn. Ẹ jẹ́ kó gbẹ fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Kò sóhun tó pọ̀ jùyẹn níbẹ̀. Mi ò fẹ́ràn àwọn síídì tí wọ́n so búrọ́ọ̀ṣì mọ́ ìdí ẹ̀ tí wọ́n ní ó ń fọ lẹ́ǹsì, èmi fẹ́ rí ohun tí mò ń nù.

Ní ti kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ yẹn, ẹ kọ́kọ́ wo bẹ́ ẹ ṣe ń gbé síídì sí i. Àárín àwo yẹn ní eyín kékeré mẹ́ta tó ń di ihò síídì mú, ẹ gbọ́dọ̀ fi ìka tẹ àárín síídì kó dún pó, kẹ́ ẹ sì fi ọwọ́ kejì gbé àwo ró láti ìsàlẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn kàn ń gbé e lé e lórí bíi ti kọ̀ǹpútà orí tábìlì, síídì á jókòó gẹ̀dẹ̀gbẹ̀, á máa gbo ara ẹ̀ mọ́ òrùlé, wọ́n á ní mọ́tò ti bàjẹ́. Ẹ má sì máa lẹ pépà mọ́ ẹ̀yìn síídì, kì í jẹ́ kó dọ́gba tó bá ń yí, àmọ́ èyí tó ti wà lára ẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ má ṣí i, ó lè ká ibi tí wọ́n kọ nǹkan sí dání.

Ẹnì kan lè sọ fún yín pé kẹ́ ẹ tú u kẹ́ ẹ yí nọ́ọ̀tì kékeré kan tó ń fún lésà ní agbára sí i. Òótọ́ ni pé ó lè dìde dúró fúngbà díẹ̀. Lésà tó ti ń kú lẹ wá ń fi iná púpọ̀ sun, kò ní pẹ́ tó fi máa lọ tán, pẹ̀lú ìyẹn ẹ ò gbọ́dọ̀ wo inú lésà tó ń tàn, ti síídì ò tiẹ̀ hàn sójú dáadáa bẹ́ẹ̀ ó lè ba ojú jẹ́. Ẹ fi sílẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá nu lẹ́ǹsì tán tó bá tún ń ka síídì, ọjọ́ yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ kó fọ́tò yín jáde, kì í ṣe ọ̀la. Díráìfù tó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọṣẹ́ báyìí kì í sábà pa dà sípò, ó kàn ń yá yín ní àkókò ni. Ẹ nu síídì látàárín lọ sí etí tààrà, ẹ má ṣe nù ún róbótó, torí ìlà tó bá gba yíyíká lọ ló máa ń da ìkàwé rú jù. Ẹ tún ṣọ́ ojú tí wọ́n kọ̀wé sí o, èyí tá à ń rò pé kò ṣe pàtàkì, lára síídì ibi tí wọ́n kọ nǹkan sí wà lábẹ́ ojú yẹn gan-an, tó bá ṣí, kò sí ìtúnṣe. Ti dífídì wà láàárín ike méjì, òun ní ààbò díẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó wọn, ẹ má lo copy àti paste, torí tí Windows bá ti bá ibi tó le kà pàdé, ó lè dúró síbẹ̀. Ẹ wá ẹni tó mọ Linux díẹ̀, ìyẹn sístẹ́ẹ̀mù míì tó ń ṣe iṣẹ́ tí Windows ń ṣe, kó bá yín tan kọ̀ǹpútà pẹ̀lú fíláàṣì Linux, kó fi sọ́fúwíà tó ń jẹ́ ddrescue kó síídì yẹn sínú fáìlì ISO, ìyẹn fáìlì kan tó kó gbogbo inú síídì pọ̀:

ddrescue -b 2048 -r 3 /dev/sr0 foto.iso foto.map

Ohun tó dùn mọ́ mi nínú ẹ̀ ni pé fáìlì map yẹn ń rántí ibi tó ti rí kà àti ibi tí kò rí kà, torí náà ẹ lè gbé síídì kan náà lọ sí díráìfù kọ̀ǹpútà míì kẹ́ ẹ tún máa bá a lọ látibi tó kù, ibi tí ọ̀kan ò rí, èkejì lè rí i. Mo ti rí síídì tí díráìfù kan sọ pé kò sí nǹkan nínú ẹ̀ tí òmíràn kà látòkè délẹ̀, kò sí ìtànjẹ níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá kó o tán, ẹ fi sí ibi méjì ó kéré tán, ẹ má fi lé láptọ́ọ̀pù àgbà yẹn nìkan lọ́wọ́.

Ká wá gbà pé ẹ ti nu gbogbo ẹ̀, dífídì ò wọlé síbẹ̀. Lésà ti lọ nìyẹn. Ṣé kẹ́ ẹ wá rà á? Tẹ́ ẹ bá ní ẹ fẹ́ kó wà nínú láptọ́ọ̀pù, ó ṣeé ṣe, ní ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù, nọ́ọ̀tì kan péré ló wà lábẹ́ tó dì í mú, ẹ yọ ọ́, díráìfù á yọ bí dúrọ́ọ̀. Ohun tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ wò ni bó ṣe ki tó, oríṣi méjì ló wọ́pọ̀, 12.7 mm àti 9.5 mm, èyí tó nípọn ò lè wọ àyè èyí tó fẹ́lẹ́. Ẹ tún wo ẹnu ẹ̀ lẹ́yìn, SATA ni tàbí IDE, láptọ́ọ̀pù tó bá ti dàgbà gan-an ló máa ń lo IDE, àwọn méjèèjì ò bára wọn mu. Ẹ ṣí ìbòjú iwájú èyí tó ti bàjẹ́ kẹ́ ẹ fi sára tuntun, torí ìbòjú tó bá wá pẹ̀lú ẹ̀ kì í sábà bá ara láptọ́ọ̀pù dọ́gba.

Àmọ́ tẹ́ ẹ bá bi èmi, èyí tó ń lo USB ni kẹ́ ẹ rà. Ó ń bá gbogbo kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́, ọjọ́ tí láptọ́ọ̀pù yẹn bá kú ẹ máa gbé e lọ sórí òmíràn. Ìṣòro ẹ̀ kan ni iná, pọ́ọ̀tù USB 2.0 máa ń fúnni ní 500 mA, díráìfù lè nílò ju bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yí, á kàn máa dún tíkì tíkì. Pọ́ọ̀tù tó jẹ́ USB 3.0 ń fúnni ní 900 mA, ìyẹn dáa, tí láptọ́ọ̀pù yín ò bá ní in, ẹ lo kébù tó ní ẹnu USB méjì, kẹ́ ẹ sì ki i tààrà, kì í ṣe sára ohun tí wọ́n fi ń pín USB.

Windows tẹ́ ẹ fẹ́ fi sí i, ẹ ò nílò dífídì fún un rárá. Fíláàṣì tó tó 8 GB ti tó, ẹ fi sọ́fúwíà tó ń jẹ́ Rufus kọ ISO Windows sí i, tí láptọ́ọ̀pù bá jẹ́ ti àtijọ́ tó ń lo BIOS, ẹ mú MBR níbi tí Rufus bá ti bi yín. Tẹ́ ẹ bá tàn án, ẹ máa tẹ F12 tàbí F9 tàbí Esc, ó dá lórí ẹni tó ṣe é, kó fi fíláàṣì hàn yín. Ẹ rántí pé ọjọ́ 14 oṣù Ọ̀wàrà 2025 ni Microsoft ti dẹ́kun àtìlẹ́yìn fún Windows 10, Windows 11 sì ń béèrè TPM 2.0, ìyẹn ohun ààbò kan nínú kọ̀ǹpútà, tí ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù àgbà ò ní, torí náà ẹ ronú nípa Linux Mint, ó máa yá ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ.

Tẹ́ ẹ bá sì wá rí i pé ẹ ò lo síídì mọ́ rárá, ẹ lè yọ díráìfù òkú yẹn kẹ́ ẹ fi ike tí wọ́n ń pè ní kádì, ìyẹn caddy, sáyè ẹ̀, kẹ́ ẹ fi hádì díìsì kejì sínú ẹ̀. Ìwọ̀n 12.7 tàbí 9.5 yẹn náà lẹ máa fi rà á. SSD, ìyẹn irú èyí tó yá ju hádì díìsì lọ, ni kẹ́ ẹ fi síbi tí hádì díìsì wà tẹ́lẹ̀, kẹ́ ẹ wá gbé hádì díìsì àtijọ́ lọ sínú kádì, torí ẹnu SATA ibi tí díráìfù síídì wà máa ń lọ́ra nínú àwọn láptọ́ọ̀pù kan, ẹ ò sì ní fẹ́ kí Windows máa gba ibẹ̀ wọlé.