Àbúrò tó ń wá iṣẹ́ kóòdù ní Ìkòròdú, má tíì ra sátífíkéètì mìíràn

Àbúrò mi, o ní o ti kọ́ JavaScript, èdè kóòdù tí a fi ń ṣe ìkànnì, o fi CV ránṣẹ́ títí, kò sẹ́ni tó dá ọ lóhùn, ṣé kó o tún lọ sanwó gba sátífíkéètì mìíràn. Rárá o. Tó bá jẹ́ 3MTT, ètò ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 2023 ni, ìyẹn ò burú, ọ̀fẹ́ ni. Èyí tí wọ́n ń gbowó fún yẹn, fi í lẹ̀.

Ìdánwò tí ilé-iṣẹ́ ń fúnni gbé lọ sílé kí wọ́n tó gbani síṣẹ́ ni kó o ṣọ́ra fún. Ilé-iṣẹ́ kan ní Victoria Island ní kí n kọ ojú-ewé tí òbí á ti máa san owó iléèwé: kó ṣírò iye tó kù, kó gbé rìsíìtì jáde. Agric ní Ìkòròdú ni mò ń gbé nígbà yẹn, iná ò dúró, epo jẹnẹrétọ̀ ni mò ń rà, òru ni mo fi ṣe é. Mo fi ránṣẹ́, wọ́n ní àwọn á pè mí. Wọn ò pè. Nígbà tó yá, mo ṣí ìkànnì wọn, iṣẹ́ mi ni mo rí. Mo wo kóòdù abẹ́ rẹ̀: orúkọ àbúrò mi obìnrin tí mo fi dán an wò ṣì wà níbẹ̀! Títí dòní ni inú ń bí mi. Irú wọn náà ló ń wá ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ "tó ní ìrírí ọdún 3". Níbo ni kó ti rí i?

Ìdánwò tó bá ti ju iṣẹ́ ọjọ́ kan lọ, béèrè owó rẹ̀. Ẹni tó bá sì ń gba owó fọ́ọ̀mù lọ́wọ́ ẹ kó o tó wọṣẹ́, sá fún un. Má fún wọn ní NIN rẹ nígbà tí wọn ò tíì fún ọ níwèé ìgbanisíṣẹ́.

Ṣọ́ọ̀bù oògùn kan ní Ògólóńtò ló ṣílẹ̀kùn fún mi. Mo ṣe ìkànnì tó ń ṣọ́ ọjọ́ tí oògùn wọn máa bàjẹ́. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì a máa lọ, àkọsílẹ̀ ọjà tí wọ́n tà á sì pòórá, ni mo bá jẹ́ kí fóònù máa tọ́jú ẹ̀ títí nẹ́tíwọ́ọ̀kì á fi dé. Ìyẹn ni ilé-iṣẹ́ kan ní Yábàá bi mí nípa rẹ̀ tí wọ́n fi gbà mí síṣẹ́. Wọn ò tilẹ̀ wo sátífíkéètì mi.

Wá irú ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀ ládùúgbò rẹ, kó o ṣe ìkànnì fún wọn. GitHub tí a ń kó kóòdù sí, àti Netlify tí a fi ń gbé ìkànnì sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, o ti mọ bí wọ́n ṣe ń lò wọ́n. Orí CV rẹ ni kí líǹkì ìkànnì yẹn wà, lókè pátápátá.